Ìrèmọ̀jé Tí Wọ́n Bá Ọdẹ́rìndé Hun

Oòrùn ti yẹ àtàrí ní ọjọ́ ìsinmi oko nígbà tí àwọn ará Ìgbórò pé jọ sábẹ́ igi ọdán, bí ìṣe wọn, láti gbọ́ ìtàn lẹ́nu Bàbá Ọdẹ. Ìtàn erin ni Bàbá ti múra sílẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti ń tò ó lẹ́nu: erin tí òun fi ọta kan ṣoṣo pa, tó ṣubú tí odò méjì fi yà kúrò lọ́nà fún un. Ṣùgbọ́n bó ti ń tún fìlà rẹ̀ dé, ó rí ìyá àgbàlagbà kan tó yà síbẹ̀ láti ojú ọ̀nà, tó jókòó lẹ́yìn gbogbo ènìyàn, tó sì gbé àpò awọ kékeré kan lé orí itan. Ọwọ́ Bàbá dúró lórí fìlà. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń bẹ̀rù kí ìyá yìí má baà wá, tó sì ń bẹ̀rù kó má baà kú láìwá.

"Ẹ bá mi gbé àpótí fún ìyá àlejò yẹn," ó ní, "kí wọ́n lè fẹ̀yìn tì dáadáa. Ẹni tó bá ń jẹ iṣu kó jẹ ẹ́ tán. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́ kó wú u tán. Erin yóò dúró dè wá, òkú ni, kò ní í sá lọ. Ìtàn ọdẹ kan tó ń jẹ́ Ọdẹ́rìndé ni mo fẹ́ sọ."

Ṣàngódẹyì, aláwàdà ìlú, pariwo pé, "Bàbá, ẹ̀yin kọ́ lẹ ń jẹ́ Ọdẹ́rìndé nígbà tí irun yín ṣì dúdú?"

"Má wo ojú mi," ni Bàbá dá a lóhùn. "Jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ìtìjú ló fà á. Bí ìtàn bá dé ibi tó yẹ kí n ti gbé ẹrù mi, n ó gbé e." Ó mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ báyìí.

Ọdẹ́rìndé ni àgbà ọmọṣẹ́ Ọdẹ́jìnmí, olórí ọdẹ ìlú yìí. Nínú ká yìnbọn, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, kò sí irú rẹ̀. Àgbọ̀nrín tó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ a ti máa dágbére fún àwọn ọmọ rẹ̀. Àmọ́ ohun kan wà tí kò lè ṣe: kò lè sun ìjálá, kò sì lè sun ìrèmọ̀jé tí àwọn ọdẹ fi ń dárò òkú wọn. Ohùn rẹ̀ há bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, bó bá sì dé àárín agbo ọdẹ, ọ̀rọ̀ a dà rú mọ́ ọn lẹ́nu. Ogún ọdún ni wọ́n fi ń ní kó sun, ogún ọdún ló fi ń sọ pé ọ̀fun ń dun òun. Ẹnì kan kò mọ̀ pé ọdẹ tó ń pa ẹfọ̀n kò lè pa orin.

Wàyí o, Ọdẹ́jìnmí dùbúlẹ̀ àìsàn. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kó kú, ó lé gbogbo ènìyàn jáde nínú yàrá, ó ku Ọdẹ́rìndé nìkan.

"O rántí Látoṣà, adẹ́mu tí wọ́n ní odò Ọ̀ṣìn gbé lọ?"

"Mo rántí, Bàbá. Bàbá Àwẹ̀ró ni."

"Odò kọ́ ló gbé e. Èmi ni." Ọ̀gá yí ojú sí ògiri. "Kùrukùru ṣú bolẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ọ̀pẹ mẹ́ta tó forí korí létí odò, mo rò pé etu ni, mo yìnbọn. Mo fi ọwọ́ ara mi sin ín síbẹ̀, mo sì jẹ́ kí odò gba ẹ̀bi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ sọ fún Àwẹ̀ró, ẹnu mi kò gbà á. Lẹ́yìn ìpà mi, kó o pè é sẹ́yìn ilé, kó o sọ fún un, ìwọ àti òun nìkan. Ọdẹ́rìndé, má ṣe jẹ́ kí etí kankan gbọ́ ọ ṣáájú tirẹ̀."

Ọdẹ́rìndé fi ọwọ́ kan ibọn, ó búra.

Kí ẹ lè mọ̀ bí ìbúra náà ti wúwo tó, ẹ gbọ́ ti Àwẹ̀ró. Ọmọ kékeré ni nígbà tí bàbá rẹ̀ sọnù, Ọdẹ́jìnmí sì mú un wọ ilé ara rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, bó bá ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní í fún ẹnì kan jẹ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹran tí Ọdẹ́jìnmí pa tí kò fi itan kan fún Àwẹ̀ró. Gbogbo ìlú ń yìn ín pé ó láàánú. Àwẹ̀ró ń pè é ní bàbá mi, kò sì sí ẹni tó gbọ́ bó ti ń pè é tí inú rẹ̀ kò ní í dùn, àfi ẹni tí wọ́n ń pè.

Ọdẹ́jìnmí kú. Ẹ mọ àṣà wa. Ní ọjọ́ ìpà, ètùtù ìkẹyìn fún ọdẹ tó kú, kí wọ́n tó gbé fìlà, àpò àti ohun èlò òkú lọ sínú igbó, àgbà ọmọṣẹ́ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dìde láti sun ìrèmọ̀jé. Bí kò bá sun ún, òkú ọdẹ a dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò ní í lọ, kò ní í wọlé. Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù. Ọdẹ́rìndé ì bá sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun kò mọ̀ ọ́n sun, wọn ì bá rẹ́rìn-ín, ì bá sì tán síbẹ̀. Ó kọ̀. Ó ti gbọ́ pé nínú Igbó Ahọ́n, àwọn ẹ̀dá kan wà tí wọ́n ń bá ènìyàn hun ọ̀rọ̀, tí wọ́n ń rọ ọ́ sínú akèrègbè, tí ẹni tó bá mu ún yóò sọ ọ́ bí ẹni pé inú rẹ̀ ló ti jáde. Ó ní òun ń lọ wá ẹran ìpà. Irọ́ tó kọ́kọ́ pa lórí ìpà náà nìyẹn.

Ọjọ́ kìíní, igbó gbà á wọlé, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Àwọn igi ibẹ̀ ń rìn. Bí o bá fi ìrókò ṣe àmì ọ̀nà lówùúrọ̀, ìrókò náà á ti lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Ọjọ́ kejì, àwọn ọ̀bọ onírùngbọ̀n dá a dúró, wọ́n ní kó bá ọ̀gá àwọn jà. Ó jà. Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí láyè kí n gbéraga díẹ̀ nítorí ọkùnrin yìí: ó gbá ọ̀gá ọ̀bọ mọ́lẹ̀, ilẹ̀ là, iṣu tí ẹnì kan kò gbìn fò jáde. Wọ́n sun iṣu náà fún un jẹ, wọ́n sì sìn ín sọ́nà.

Ọjọ́ kẹta ló dé odò kan tí omi rẹ̀ ń ṣàn lọ sókè. Iwin obìnrin kan tí kò ní ètè ló ń ṣọ́ ọ. "Ẹni tó bá fẹ́ kọjá a já àlọ́," ni iwin wí. "Kí ló wà nílé ẹni méjì tó sùn jẹ́jẹ́, tó dé ilé ẹni kẹta tó dìde dúró, tó dé ilé ẹni kẹrin tó ń sáré?"

Ọdẹ́rìndé rẹ́rìn-ín. "Àlọ́ ọmọdé nìyẹn. Àṣírí ni!"

Iwin wò ó títí. "O mọ̀ ọ́n," ó ní. "Ó kù kí àṣírí náà mọ ìwọ." Odò là, ọdẹ kọjá. Orí rẹ̀ wú nítorí pé ó já àlọ́, kò sì bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí wọ́n fi pa irú àlọ́ bẹ́ẹ̀ fún un. Mo ti ronú lórí àlọ́ náà ju iye irun tó wà lórí mi lọ.

Lódì kejì odò, ó bá ahéré kan. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ ń jẹ́ Anìkanhun, nítorí òun nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kò ní ọmọṣẹ́, kò ní alábàáṣe. Ẹnu rẹ̀ kéré, etí rẹ̀ sì fẹ̀ bí ewé kókò.

"Jókòó," Anìkanhun wí. "Sọ orúkọ rẹ, sọ ti ìlú rẹ, jẹ́ kí n wo ojú rẹ dáadáa. Ẹni tí mi ò bá mọ̀, mi ò lè bá a sunkún. Ohun tó o bá lè sọ fún mi, sọ ọ́. Èyí tí o kò bá lè sọ, fi í sílé, n ó hun ohun tó bá wà nílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, àbí? Ọdẹ́rìndé fẹ́ jókòó. Ṣùgbọ́n Anìkanhun ń bu ẹmu, ó sì ń tàkúrọ̀sọ. "Má tijú rárá," ó ní. "Kì í ṣe ìwọ nìkan. Ọba ìlú kan jókòó síbi tó o dúró sí yẹn ní oṣù tó kọjá, kò lè ki ìyá tó bí i lọ́mọ. Ìyàwó olóyè kan sì wá, kí n bá òun hun ọ̀rọ̀ ìfẹ́, kì í sì í ṣe ọkọ rẹ̀ ló fẹ́ sọ ọ́ fún!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ara ọdẹ tutù. Ẹni tó bá ń bá ọ ṣòfófó ẹlòmíràn, yóò bá ẹlòmíràn ṣòfófó rẹ. Ó rí i bí Anìkanhun yóò ṣe bu ẹmu fún ẹlòmíràn lọ́la, tí yóò sọ pé, "Ọdẹ́rìndé, ọdẹ ńlá Ìgbórò, ohùn ló wá rà lọ́wọ́ mi." Ó ní òun ń bọ̀, òun fẹ́ lọ tọ̀. Kò padà síbẹ̀.

Níwájú, ó rí ilé kan tó tóbi bí ìlú. Ilé Ọlọ́wọ́púpọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ń dán, ó sì ń fi ohùn tútù sọ̀rọ̀ pé, "Káàbọ̀, oníbàárà wa. A kì í béèrè orúkọ. A kì í wo ojú. Ohun tó o bá sọ níbí, ibí ló kú sí." Inú ọdẹ dùn. Ó ní, ibi tí ènìyàn ń lọ nìyí. Ó wọlé, kò rí ènìyàn kankan. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló yọ lójú fèrèsé, etí kan sì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Irú méjì la máa ń hun," ọwọ́ náà wí, ẹ má bi mí léèrè ibi tí ohùn ti ń jáde. "Èyí tí ènìyàn ń gbọ́ tó ń mi orí, àti èyí tí ènìyàn ń gbọ́ tó ń yí mọ́lẹ̀. Èwo lo fẹ́?"

"Èyí tí wọ́n ń yí mọ́lẹ̀."

"Ó dára. Ìyẹn gba ohun tí ẹnì kan kò gbọ́ rí. A kò ní í fi sínú tìrẹ. Kí àwọn tó ń hun ún lè mọ bí ẹkún náà ti jinlẹ̀ tó ni."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹnì kan kò fipá mú un. Wọn kò na ibọn sí i, wọn kò dè é mọ́gi. Ó rántí ìbúra rẹ̀ kedere. Ṣùgbọ́n ó ń wo bí àwọn ọdẹ yóò ṣe yí mọ́lẹ̀ nítorí ohùn òun, ó sì ń wo etí kékeré tí kò ní ojú, tí kò lè dá a mọ̀ láéláé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sọ ọ́. Ó rò pé ọgbọ́n ni òun ń gbọ́n, nítorí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọdẹ kan ló wí, adẹ́mu kan, kùrukùru, odò Ọ̀ṣìn, ọ̀pẹ mẹ́ta tó forí korí. Kò sí orúkọ ènìyàn níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọmọ Ìgbórò kan tí kò mọ ọ̀pẹ mẹ́ta náà.

Ọwọ́ yẹn pa etí dé, ó na ara rẹ̀ sí ọwọ́ kejì, ó sọ ọ́ sí i. Ìkejì sọ ọ́ sí ìkẹta. Yàrá lé yàrá, ọdẹ ń gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ti ń lọ, wúyẹ́wúyẹ́, títí kò fi gbọ́ ọ mọ́. Ọwọ́ kan hun ìkíni, òmíràn hun oríkì, òmíràn hun ẹkún. Nígbà tó ṣe, wọ́n gbé akèrègbè kan jáde fún un, ó kún, ó ń rùn bí ewé tútù.

Bó ti ń jáde lọ, ó gbójú sókè, ó rí àwọn akèrègbè kéékèèké tí wọ́n tò sí àjà, wọ́n pọ̀ ju èyí tí ojú lè ká lọ. Ọ̀kan ṣì ń rin omi. Ó bi ilẹ̀kùn léèrè pé, "Kí ló wà níbẹ̀ yẹn?"

"Ìyókù," ilẹ̀kùn fèsì.

"Ìyókù kí ni?"

"Ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà tí a kò lò tán. Nǹkan rere kì í ṣòfò lọ́dọ̀ wa."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí mo ti jẹ̀bi jù nínú ìtàn yìí, ibẹ̀ ni. Kò ṣẹ́rí padà. Ó ní ọjọ́ ìpà ti sún mọ́lé, ó ní akèrègbè kékeré kan kò lè rìn láti àjà ilẹ̀ iwin dé Ìgbórò. Ó gbé tirẹ̀ sí èjìká, ó ń lọ.

Ọjọ́ ìpà pé. Ọdẹ́rìndé mu ohun tó wà nínú akèrègbè, ó dìde láàárín ọjà, ó la ẹnu. Ohùn tó jáde dùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ewúrẹ́ dúró. Àwọn ọdẹ yí mọ́lẹ̀ lóòótọ́. Àwẹ̀ró dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun èlò òkú, òun ló di fìlà ọ̀gá mú gẹ́gẹ́ bí ọmọ, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ó sì ń wo Ọdẹ́rìndé bí ẹni pé ó fẹ́ dúpẹ́. Inú ọdẹ dùn. Mo ní kí n má purọ́ fún yín, inú rẹ̀ dùn.

Nígbà náà ni ọdẹ àlejò kan dìde, Ọdẹ́kúnlé láti Agbàdú, ọ̀rẹ́ òkú. Àgbàlagbà tí kì í purọ́ ni. Òun náà kò mọ̀ ọ́n sun, òun náà ti dé Ilé Ọlọ́wọ́púpọ̀ lẹ́yìn Ọdẹ́rìndé. Wọn kò bi í ní orúkọ òkú, nítorí wọn kì í béèrè orúkọ. Ó ní ìrèmọ̀jé ọdẹ ni òun fẹ́, wọ́n nawọ́ sí àjà, wọ́n bu ìyókù fún un. Bí wọ́n bá béèrè ni, bóyá wọn ì bá mọ̀ pé ọdẹ kan náà ni. Ó mu ún, ó fi orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣáájú, ó ń sun pé:

"Ọdẹ́jìnmí, ọkọ etu,
Kùrukùru ló ṣú bolẹ̀ lọ́jọ́sí,
Ọ̀pẹ mẹ́ta forí korí létí Ọ̀ṣìn.
O yìnbọn sí etu, etu ké 'Yéè!'
Etu wo ní í dá ẹmu?
Etu wo ní í fi igbà kọ́ èjìká?
O gbẹ́lẹ̀ fún un, o fi màrìwò bò ó,
Odò wá ń jẹ̀bi ohun tí kò gbé."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Àwẹ̀ró ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bàbá," ó ní, "níbo lẹ ti rí ọ̀rọ̀ yìí?"

Ọdẹ́kúnlé ń wò yíká, ẹ̀rù ti ń bà á. "Ọmọ mi, wọ́n hun ún fún mi ni. N kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mo rò pé wọ́n kàn fi ṣe ọ̀ṣọ́ ni."

Àwẹ̀ró yíjú sí Ọdẹ́rìndé. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ wà lọ́dọ̀ Bàbá kẹ́yìn. Ṣé wọ́n sọ nǹkan kan fún yín?"

Ọ̀nà ṣì wà. Ì bá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Àwẹ̀ró, jẹ́ ká lọ sẹ́yìn ilé." Ṣùgbọ́n bó bá gbà pé òun mọ̀ ọ́n, wọn yóò bi í léèrè bó ti ṣe dé ẹnu àlejò, àṣírí ohùn dídùn rẹ̀ yóò sì tú. Ó fi ohùn tí wọ́n hun fún un dáhùn, ó dùn, kò gbọ̀n rárá: "Rárá o. Bàbá ò sọ nǹkan kan fún mi."

Lọ́jọ́ kejì, Àwẹ̀ró gbé ọkọ́, òun nìkan lọ sídìí ọ̀pẹ mẹ́ta. Ó hú egungun bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti fi ìlú sílẹ̀, ó sì gbé fìlà ọ̀gá lọ. Wọ́n gbé àwọn ohun èlò yòókù lọ sínú igbó láìsí fìlà, ìpà kò pé. Láti ìgbà náà ni Ọdẹ́jìnmí ti dúró sẹ́nu ọ̀nà wa.

Ọdẹ́rìndé padà sí Ilé Ọlọ́wọ́púpọ̀ tìbínú-tìbínú. Ọwọ́ àkọ́kọ́ ní ọwọ́ kejì ni, ọwọ́ kejì nawọ́ sí ìkẹta, wọ́n ń nawọ́ síra wọn títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tó ń bọ̀, ó yà lọ́dọ̀ Anìkanhun, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Anìkanhun kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

"Èmi náà ì bá tú ọ láṣìírí, ẹnu mi kò ní ìdérí," ó ní. "Ṣùgbọ́n o ì bá mọ ẹni tó o máa bú. Wàyí, ta lo máa bú?"

Nígbà tí Bàbá Ọdẹ dé ibí yìí, ó ṣí fìlà kúrò lórí, ó fi ọ̀pá tilẹ̀ dìde, ó rìn kọjá láàárín àwọn ènìyàn títí ó fi dé iwájú ìyá tó gbé àpò awọ lé itan. Eékún rẹ̀ dùn ún, síbẹ̀ ó kúnlẹ̀.

"Àwẹ̀ró," ó ní, "èmi ni. Bàbá sọ ọ́ fún mi. Èmi ni mo lọ sọ ọ́ fún etí tí kò ní ojú, nítorí mo fẹ́ kí wọ́n yìn mí. O bi mí, mo purọ́ fún ọ. Ìwọ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ìwọ lo gbọ́ ọ kẹ́yìn."

Ìyá náà fa àpò rẹ̀ mọ́ra. "Bọ̀ọ̀dá mi," ó ní, "mo ti mọ̀ láti ọjọ́ náà. Ohùn yín dùn jù. Ẹ̀yin tí mo bá gbélé láti kékeré, ta ni kò mọ bí ohùn yín ti há? Mo ń retí kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́ ni, mo sì rí i pé mo ti ń darúgbó."

Ó tú okùn àpò. Fìlà Ọdẹ́jìnmí ló yọ, ó ti ṣá, kòkòrò ti jẹ etí rẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì.

"Ẹ sun ún wàyí," Àwẹ̀ró wí. "Ẹ sun ún fún bàbá mi méjèèjì. Èyí tó yìnbọn, àti èyí tí ibọn bà."

"Mi ò mọ̀ ọ́n sun, Àwẹ̀ró."

"Mo mọ̀. Ẹ sun ún bẹ́ẹ̀."

Bàbá Ọdẹ la ẹnu. Ohùn rẹ̀ há, ó já lẹ́ẹ̀mejì, ó gbàgbé oríkì, ó tún un pè, ó dárúkọ Látoṣà níbi tó yẹ kó dárúkọ Ọdẹ́jìnmí, ó padà sẹ́yìn, ó tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó yí mọ́lẹ̀ lábẹ́ igi ọdán náà. Kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó sun ún tán, Àwẹ̀ró gbé fìlà náà lé e lọ́wọ́, ó sì na ọwọ́ fún un kó lè dìde, àwọn méjèèjì sì jọ gba ọ̀nà igbó lọ.